Níbo Ni Kí Sítáǹpù Máa Gbé?

Ẹni tó bá fẹ́ ra álíbọ́ọ̀mù sítáǹpù, ògiri ilé rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ wò. Kó gbọ́wọ́ lé ògiri náà nínú oṣù Keje, lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú. Ní ilé wa ní Àkàkà Rẹ́mọ, bí ẹ bá fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri ẹ̀yìnkùlé lásìkò yẹn, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ tutù, ohun funfun kan á sì ti hù sára bàtà aláwọ tí ẹ kò wọ̀ láti ọjọ́ Àjíǹde. Ohun tó hù sára bàtà yẹn náà ló ń wá sítáǹpù kiri. Àwọn tó ń ṣe álíbọ́ọ̀mù ní Jámánì àti ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí ògiri wa rí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba gbogbo ìmọ̀ràn wọn gbọ́ délẹ̀.

Kẹ́mísìrì ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Màmá Tíṣà, àwọn àgbà tó mọ bàbá mi sì ń pè mí ní ọmọ Olóbì. Òwò obì ni bàbá mi ṣe. Ẹni tó bá mọ Rẹ́mọ dáadáa mọ̀ pé obì wa kì í jókòó sílé. Àwọn Hausa tó tẹ̀dó sí Sábó ní Ṣágámù ń kó o lọ sí Òkè Ọya, àwọn oníṣòwò ibí náà sì ní oníbàárà tiwọn ní Kano àti Kaduna. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń dúnàádúrà, lẹ́tà náà ni wọ́n fi ń sin gbèsè. Nígbà tí bàbá mi kú, agolo bisikíìtì ńlá kan tó kún fún ẹ́ńfílóòpù ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, nítorí oko ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń dù, kò sẹ́ni tó du bébà.

Ohun tó wà nínú agolo náà ló sọ irú álíbọ́ọ̀mù tí mo máa wá. Sítáǹpù sísì ti 1953 wà níbẹ̀, èyí tó ní orí idẹ Ifẹ̀ lára, pẹ̀lú ti kọ́bọ̀ mẹ́rin tó ní kòkó. Tọ́rọ́ ti 1961 ló pọ̀ jù, èyí tí wọ́n ya agbẹ́gilére ará Ọ̀yọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ẹranko ti 1965 àti 1966 dé: erin, ẹkùn, odídẹrẹ́. Nígbà tó di 1973 tí a fi pọ́n-ùn àti ṣílè sílẹ̀ tí a bọ́ sí náírà, iye owó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára wọn. Ẹni tó bá ń retí kí n sọ pé mo bá sítáǹpù olówó iyebíye pàdé nínú agolo, kó má dúró dè mí. Kò sí ọ̀kan tó wọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ṣì wà lára ẹ́ńfílóòpù wọn, òǹtẹ̀ Kano níwájú, òǹtẹ̀ Ṣágámù lẹ́yìn òmíràn láti fi ọjọ́ tó dé hàn, orúkọ bàbá mi láàárín ní ọwọ́ akọ̀wé tí kò tíì pinnu bí wọ́n ṣe ń kọ Àkàkà. Bí mo bá gé sítáǹpù kúrò lára ẹ́ńfílóòpù, mo ti gé òwò obì kúrò lára rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, álíbọ́ọ̀mù tí kò bá ní àyè fún odidi ẹ́ńfílóòpù kò wúlò fún mi, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ìgbà pípẹ́ ni álíbọ́ọ̀mù ti ń pàṣẹ fún sítáǹpù dípò kí sítáǹpù pàṣẹ fún un. Penny Black, sítáǹpù àkọ́kọ́ láyé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 6 oṣù Karùn-ún 1840. Ní 1862, ọkùnrin ará Faransé kan, Justin Lallier, tẹ ìwé kan jáde ní Páríìsì tí wọ́n kà sí álíbọ́ọ̀mù sítáǹpù àkọ́kọ́. Ó fa ìlà sí ojú ìwé, ó pín in sí àpótí kéékèèké, àpótí kan fún sítáǹpù kan. Àpótí ọ̀hún há. Kí ni àwọn èèyàn wá ṣe? Àlùmọ́gàjí ni wọ́n mú, wọ́n rẹ́ etí sítáǹpù kó lè wọ inú àpótí. Títí di òní, àwọn tó mọ nǹkan ṣì ń dárò sítáǹpù ayé ìgbà náà tí wọ́n ti gé ní etí, nítorí odidi etí yẹn ni olówó ń san owó lé lórí.

Lóde òní, a kì í fi àlùmọ́gàjí gé e mọ́, ṣùgbọ́n álíbọ́ọ̀mù àgbáyé tí wọ́n ti tẹ àwòrán sí ṣì ń gé wa lọ́nà mìíràn. Orílẹ̀-èdè ni wọ́n fi ń pín in, láti A dé Z. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa níbẹ̀. Lagos, tó ní sítáǹpù tirẹ̀ láti 10 oṣù Kẹfà 1874 pẹ̀lú orí Ọbabìnrin Victoria, wà ní L, ó jókòó ti Laos. Oil Rivers, ìyẹn agbègbè etí òkun lápá ìlà-oòrùn tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ lé sítáǹpù Gẹ̀ẹ́sì ní 1892, wà ní O. Kò pẹ́ tí wọ́n sọ ọ́ di Niger Coast, ló bá kó lọ sí N. Northern Nigeria ti 1900 wà ní N. Southern Nigeria ti 1901 wà ní S, nítòsí Spain. Biafra ti 1968 wà ní B. Sítáǹpù Nàìjíríà tí wọ́n tẹ orúkọ Cameroons lé lórí ní 1960 fún àwọn ará Cameroons tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ti lọ sí C. Bàbá bàbá mi kò kúrò ní Àkàkà lọ gbé ibì kankan, síbẹ̀ ìjọba mẹ́ta ló fi sítáǹpù mẹ́ta ṣe ti ìlú rẹ̀: Lagos, Southern Nigeria tí Lagos wọ inú rẹ̀ ní 1906, àti Nigeria láti 1914. Nínú álíbọ́ọ̀mù àgbáyé, ìtàn ọkùnrin kan ṣoṣo yìí fọ́n ká sí ibi mẹ́ta, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò gbọ́ orúkọ wọn rí sì wà láàárín.

Mo mọ̀ pé wọ́n ní álíbọ́ọ̀mù tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Leuchtturm, ilé iṣẹ́ Jámánì tó ti wà láti 1917 tí àwọn kan mọ̀ sí Lighthouse, ń ṣe é fún oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Lindner àti Schaubek ń ṣe é ní Jámánì, Davo ń ṣe é ní Netherlands. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára. Àwòrán sítáǹpù kọ̀ọ̀kan wà lórí ewé, ilé ike kékeré sì wà lórí àwòrán náà tí ẹ ó ki sítáǹpù bọ̀, ẹ kò ní lẹ ohunkóhun mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó kù sí. Ọdọọdún ni ewé tuntun ń jáde fún sítáǹpù tuntun, ẹ ó sì máa rà á. Ẹni tí kò tíì rí sítáǹpù ọdún méjì sẹ́yìn ti ń sanwó ilé fún ti ọdún yìí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àpótí òfìfo ń ṣe èèyàn ní nǹkan. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ìsarà, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní irú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá bá a, ohun tí kò ní ló ń fi hàn mí.

Ẹ wo Ọba George Karùn-ún, tí orí rẹ̀ wà lára sítáǹpù Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní 1914. Akósítáǹpùjọ paraku ni ọba yẹn. Álíbọ́ọ̀mù pupa 328 ló fi kó sítáǹpù rẹ̀ pamọ́; ti ọmọ rẹ̀ George Kẹfà jẹ́ búlúù, ti Elizabeth jẹ́ àwọ̀ ewé. Ewé òfìfo ni wọ́n fi ṣe é, ọwọ́ sì ni wọ́n fi kọ àlàyé sí i. Kò sẹ́ni tó tẹ àpótí sílẹ̀ dè é. Ohun tó tọ́ sí ọba tọ́ sí ọmọ Olóbì.

Ewé òfìfo ni mo fara mọ́, ó wá ku ohun tí yóò di àwọn ewé náà pọ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n dì pa bí ìwé kíkà. Ó ń fani mọ́ra nítorí kò wọ́n, òun sì ni wọ́n máa ń rà fún ọmọdé, àmọ́ ẹ kò lè fi ewé kún un, ẹ kò sì lè yọ ewé tó bá bu. Bí sítáǹpù bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, ó máa ń wú ní ikùn, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ya. Èkejì ni onísípíríǹgì inú ẹ̀yìn, tí ẹ ó ká èèpo rẹ̀ sẹ́yìn kí ẹnu rẹ̀ tó ṣí, tí ewé yóò wọlé láìlu ihò. Ó dùn ún wò lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kì í tẹ́ sílẹ̀ dáadáa bí ẹ bá ṣí i, irin rẹ̀ sì máa ń rẹ̀ bí ọjọ́ bá ti lọ. Ẹ̀kẹta ni olórùka, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń kó nóòtì. Ó tẹ́ sílẹ̀, ó sì rọrùn, àmọ́ ẹ má ra olórùka roboto tó wà ní ọjà ìwé. Ewé tó wà nítòsí òrùka máa ń tẹ̀ kọrọdọ bí ẹ bá pa ìwé náà dé. Èyí tí òrùka rẹ̀ rí bí lẹ́tà D, tí ìdí rẹ̀ tẹ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni onídè, tí ìdè irin méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba inú ihò ewé kọjá. Kò yá ṣí, ṣùgbọ́n ewé inú rẹ̀ kì í mira, ẹ sì lè fi ewé kún un tàbí kí ẹ pààrọ̀ ipò wọn bí ó ti wù yín. Òun ni mo yàn.

Kí n tó fi onídè sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti stockbook. Ìwé tó ní ìlà àpò tẹ́ẹ́rẹ́ ni, láti ìsàlẹ̀ ewé dé òkè. Ẹ ó kàn ki sítáǹpù bọ àpò, ẹ ó sì yọ ọ́ nígbà tó bá wù yín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òun ni kó rà, kó má wo ẹ̀yìn. Ẹni tó ti pẹ́ náà nílò ọ̀kan fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé àti èyí tó ní méjì méjì. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yan ewé dúdú tí àpò rẹ̀ jẹ́ ike tó mọ́ gaara, nítorí etí sítáǹpù tó dà bí eyín máa ń hàn kedere lórí dúdú. Ẹ rí i dájú pé bébà tàbí ike pẹlẹbẹ wà láàárín ewé kan sí èkejì. Bí kò bá sí, sítáǹpù ojú ìwé ọ̀tún á fi eyín kọ́ ti òsì, ẹ ó sì fa ọ̀kan ya nígbà tí ẹ bá ń ṣí i.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ni owó yín ti lè ba sítáǹpù yín jẹ́. Ike méjì kò rí bákan náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní PVC le koko láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kó tó lè rọ̀, wọ́n po òróró kan mọ́ ọn. Òróró yẹn kì í jókòó. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde wá sí ojú ike, pàápàá nínú ooru bíi tiwa, ó ń yọ́ tàdáwà sítáǹpù, ike náà sì ń tú ásíìdì sílẹ̀ bó ti ń gbó. Bí ẹ bá ti rí àwòrán odindi tó ti ṣí kúrò lára bébà tó lẹ̀ mọ́ ike, òun nìyẹn. Álíbọ́ọ̀mù fọ́tò olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà ló burú jù, ní pàtàkì èyí tí ojú ìwé rẹ̀ ní ìlà gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Sítáǹpù tó bá wọ ibẹ̀ kò jáde mọ́ bó ṣe wọlé. Ike tó yẹ kí ẹ béèrè ni polyester tàbí polypropylene. Ewé Hagner ti Sweden àti ilé ike Hawid ti Jámánì jẹ́ orúkọ tí àwọn akósítáǹpùjọ ti fọkàn tán tipẹ́.

Ẹni tó bá ra tirẹ̀ lọ́jà tí a kò kọ nǹkan kan sí lára ńkọ́? Kó kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. PVC tuntun máa ń rùn fìn-ín bí aṣọ tábìlì onírọ́bà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Bí imú kò bá dá a lójú, kó ṣe ìdánwò tí mo fi ń dá àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún lára yá, tí a ń fi orúkọ Beilstein pè. Ẹ wá wáyà bàbà, ẹ bó èèpo rẹ̀ kúrò pátápátá, torí PVC ni èèpo wáyà fúnra rẹ̀, ó sì lè parọ́ fún yín. Ẹ ki wáyà náà bọ iná gáàsì títí iná kò fi ní àwọ̀ mọ́. Ẹ fi gbígbóná rẹ̀ kan etí ike náà kí díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì dá a padà sínú iná. Bí iná bá tàn ní àwọ̀ ewé, chlorine wà nínú ike yẹn, kí ẹ fi í bo ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò, kó má kan sítáǹpù. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ yàgò fún èéfín rẹ̀.

Bébà ní ìdánwò tirẹ̀, kò sì nílò iná. Bébà tí wọ́n fi igi lílọ̀ ṣe, bíi ti ìwé ìròyìn, máa ń ní ásíìdì nínú, ó ń pọ́n, ó sì ń ràn sí ohun tó bá fara kàn án. Ẹ gé bébà tí ẹ fẹ́ lò sí méjì, ẹ fi ìdajì kan sínú ìwé, ẹ fi èkejì sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tó bá pọ́n, ẹ fi bo ìwé ọmọ ilé ìwé. Bébà funfun tó nípọn tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó sábà máa ń yege, bébà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òde òní náà kì í burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́lẹ́ jù fún ẹrù. Oníṣẹ́ ìdìwé kan ní Ṣágámù ló bá mi fi páálí líle àti aṣọ ìdìwé ṣe èèpo, ó lu ihò, ó fi ìdè irin sí i. Ó béèrè bóyá ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ni. Mo ní ìwé bàbá mi ni. Kò tún béèrè mọ́.

Bí a ṣe ń lẹ sítáǹpù mọ́ ewé náà ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn akósítáǹpùjọ. Láyé àtijọ́, híǹjì ni gbogbo ayé ń lò: bébà pẹlẹbẹ kékeré tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tí wọ́n ká sí méjì, apá kan lára sítáǹpù, apá kan lára ewé. Fún sítáǹpù tí pósòfíìsì ti lù ní òǹtẹ̀, kò sóhun tó ṣe é. Fún èyí tí a kò tíì lò, tí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì pé, ẹ má dán an wò. Àmì híǹjì lẹ́yìn rẹ̀ ń já iye rẹ̀ lulẹ̀, àti pé nínú ọ̀rinrin tiwa, gọ́ọ̀mù híǹjì àti gọ́ọ̀mù sítáǹpù á di ọ̀kan. Ilé ike ni kí ẹ fún un. Téèpù sẹ́lò ńkọ́? Ẹni tó bá lo téèpù sẹ́lò, kó má sọ fún mi.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣí sítáǹpù kúrò lára ẹ́ńfílóòpù tí kò ní ìtàn, omi lásán tó, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ti ayé Victoria, Edward àti George Karùn-ún. Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé De La Rue ní Lọ́ńdọ̀nù fi tàdáwà kan tẹ púpọ̀ nínú wọn, èyí tó ní àwọ̀ ewé àti àlùkò, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó lè ṣí bí ẹnì kan bá fẹ́ fọ òǹtẹ̀ kúrò láti tún un lò. Ọlọ́gbọ́n tó ń sá fún olè ìgbà náà ló ń ba ti àwọn tí kò jalè jẹ́ báyìí. Omi kan ṣoṣo, àwọ̀ rẹ̀ á ti lọ.

Fún ẹ́ńfílóòpù, mo lo ewé polypropylene tó ní àpò méjì lókè àti nísàlẹ̀, tí mo to sáàárín ewé bébà nínú onídè kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà Kano ti 1962 ṣe lè kọjú sí ewé tí mo ti kọ bí wọ́n ṣe ń kó obì gbàǹja sínú agbọ̀n pẹ̀lú ewé kó má baà gbẹ lọ́nà. Kò sí álíbọ́ọ̀mù títẹ̀ kankan tó ní àpótí fún ìyẹn.

Ibi tí álíbọ́ọ̀mù yóò gbé wá ṣe pàtàkì tó bí òun fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e dúró lórí pẹpẹ bí ìwé, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ to òmíràn lé e. Ẹrù orí rẹ̀ ń tẹ sítáǹpù mọ́ ewé, ọ̀rinrin á sì parí iṣẹ́. Kó jìnnà sí ògiri ìta, kó má sún mọ́ ilẹ̀ tí ikán lè gbà. Àpótí irin abẹ́ ibùsùn tí àwọn ìyá wa fi ń kó aṣọ òkè kò dára fún un, nítorí afẹ́fẹ́ kì í wọ ibẹ̀. Ọ̀rinrin tó bá bá a wọlé ti di onílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá tí ẹ dì lẹ́nu pinpin. Àwọn àpò kékeré tó ń bá bàtà tuntun wá, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé a kò gbọ́dọ̀ jẹ, wúlò gan-an, silica gel ló wà nínú wọn, ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Àmọ́ ó máa ń yó. Ẹ̀yà kan wà tó jẹ́ búlúù nígbà tó gbẹ, tó ń di àwọ̀ osùn fífẹ́ẹ́rẹ́ bó bá ti yó. Ẹ gbé e sínú ààrò díẹ̀, á tún gbẹ. Mo ti rí ẹni tó fi àpò kan náà sílẹ̀ láti ayé Ọbásanjọ́, tó sì gbà pé ó ń ṣiṣẹ́.

Káńfọ̀ ńkọ́ fún aáyán àti kòkòrò tó ń jẹ ìwé? Ẹ má fi í sí ibi kan náà pẹ̀lú álíbọ́ọ̀mù. Naphthalene inú rẹ̀ ń di afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn sì ń rọ àwọn ike kan. Àtúpalẹ̀ ló ń lé aáyán: ẹ ṣí álíbọ́ọ̀mù náà ní oṣooṣù, ẹ fẹ́ ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀sán gbígbẹ ni kí ẹ ṣe é, kì í ṣe ọjọ́ òjò. Nígbà ọyẹ́, sítáǹpù tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ pé máa ń ká bí ewé gbígbẹ. Ẹ má fi ọwọ́ nà án, ẹ fi í sílẹ̀ kí ọyẹ́ kọjá, òun fúnra rẹ̀ á tẹ́. Ẹ̀mú kékeré ni kí ẹ fi máa mú wọn, torí òógùn ìka wa kò dá sítáǹpù sí.

Àwọn tó ní ọmọ ní Peckham tàbí ní Houston máa ń béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí wọ́n lè ní kó rà wá. Àkọ́kọ́, ẹ má ní kó ra álíbọ́ọ̀mù. Ó wúwo, ẹrù ọkọ̀ òfurufú sì lówó lórí; èèpo tí yóò fi owó ńlá gbé wá, oníṣẹ́ ìdìwé Ṣágámù tàbí Ìbàdàn lè ṣe é. Ẹ ní kó ra ewé ike tó ní àpò, ilé ike oríṣi gígùn méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ó máa gé bí sítáǹpù ṣe ga tó, àti ẹ̀mú kan tí ẹnu rẹ̀ kò mú. Kó wọn àárín ihò ewé náà, kó fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó gbéra, kí oníṣẹ́ ìdìwé lè lu ihò èèpo sí ibi tó yẹ. Bí òrùka ilé kan kò bá wọ ihò ti ilé mìíràn, ẹ ti ní ewé tó dára nílé tí kò ní ibi tí yóò jókòó. Pẹ́ńsù ni kó wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń kọ àlàyé, torí ẹ lè tún ipò sítáǹpù rò. Lọ́wọ́ báyìí, sítáǹpù Biafra tí mo gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan wà láàárín àwọn ẹranko ti 1966 àti àwọn kọ́bọ̀ tuntun ti 1973, nítorí ibẹ̀ ni ọdún rẹ̀ wà. Ọmọ ọmọ mi tó ń gbé Ìkẹ́nnẹ́ ní kò yẹ kó wà níbẹ̀, ó ní kí n fún un ní èèpo tirẹ̀. A kò tíì fẹnu kò.